Òrí Tí Bàbá Fi Pa Mí Lọ́wọ́

Lọ́dọ̀ wa ní Ìwéré-Ilé, èèyàn kì í dá oko sun. Bí ẹnìkan bá ti ṣán igbó, tí ohun tó ṣán ti gbẹ, yóò ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n jọ pààlà pé ọ̀la ni òun fẹ́ fi iná sí i. Onítọ̀hún á wá, á ya ẹ̀ka igi tútù dání, á dúró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bí iná bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀ kọjá ààlà, á fi ewé lù ú pa. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe bá a. Mo fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ mi kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe.

Bàbá tí èmi àti wọn jọ pààlà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mùsùlùmí ni wọ́n. Èmi ń jọ́sìn nínú ìjọ kékeré kan lẹ́yìn ọjà, èmi ni mo sì máa ń ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń pè mí ní Alàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹ̀sìn kò dá ohunkóhun sílẹ̀ láàárín wa. Bí wọ́n bá pa ẹran Iléyá, itan kan á dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Bó bá di Kérésìmesì, ìyàwó mi á gbé ìrẹsì lọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú mi kùn sí wọn lábẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fara balẹ̀ jù. Bí mo bá pè wọ́n wá sídìí oko tí mo fẹ́ sun, wọn á bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọn á na ọwọ́ sókè, wọn á jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn á máa wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Wọn á tún bu òmíràn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn á ní, “Kò tíì yá. Ó di ọ̀la.” Àwọn èèyàn tó bá wọn pààlà níhà kejì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ikú bá dé, Bàbá á ní kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wo atẹ́gùn.

Kajú ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Nígbà tí wọ́n fi òwò ẹnu ibodè sílẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ín, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìlà-ìlà. Bí èèyàn bá dúró nídìí igi àkọ́kọ́, kò ní rí èyí tó kẹ́yìn. Igi náà ti ń so dáadáa, òun ni wọ́n sì fi ń gbé ọjọ́ ogbó wọn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, katakátà tó ń túlẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹyọ kan ló ń ti Ṣakí bọ̀ wá sí agbègbè wa, ó ń gba oko dé oko. Ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ rẹ̀ pè mí lórí fóònù pé òun á dé ọ̀dọ̀ mi ní òwúrọ̀ Sátidé, pé bí òun bá sì bá pàǹtí lórí ilẹ̀, òun ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Katakátà tó bá kọjá lọ báyìí, ó di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ kí a tó tún gbúròó rẹ̀. Igbó tí mo ṣán wà nílẹ̀, ó ti gbẹ, n kò tíì sun ún. Ó ku Ọjọ́ Ẹtì nìkan.

Mo mọ̀ pé Bàbá kò ní sí lóko ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, nítorí wọn kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo wá sọ fún ara mi pé kò yẹ kí n máa da arúgbó láàmú pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Irú ọ̀rọ̀ tó dára báyẹn ni èèyàn máa ń sọ fún ara rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dára. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi ni pé n kò fẹ́ kí wọ́n wá da erùpẹ̀ kí wọ́n sì ní kò tíì yá.

Mo ro etí oko mi ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, mo gbá a mọ́ débi pé èèrà kò lè rí koríko sá pamọ́ sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ìyẹn ti Bàbá, n kò fọwọ́ kàn án. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó wọlé, Bàbá á ti ro abẹ́ kajú wọn tán. Ilẹ̀ á mọ́ fẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni iná mi máa ń kú sí. Mo ti ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún ọdún púpọ̀ tí n kò tilẹ̀ fi ọjọ́ kan kí wọn kú iṣẹ́. N kò rìn débẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ wò ó. Bí mo bá rìn ín, bóyá ogún ẹsẹ̀ péré, ǹ bá rí i pé wọn kò rí oko ro lọ́dún yẹn. Ẹ̀yìn kò jẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ba. Koríko dúró lábẹ́ kajú débi orúnkún, ó gbẹ bíi bébà.

Mo ṣá ìṣáná. Iná náà kọ́kọ́ ṣe bí ọmọlúàbí, ó ń jẹ pàǹtí lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn yí. Kí èèyàn tó mu omi igbá kan tán, iná ti dé ààlà, kò sì rí ibi tó lè kú sí. Ó wọ abẹ́ kajú. Kajú ń yọ òdòdó lọ́wọ́ nígbà náà, ewé rẹ̀ sì lépo, bó ṣe ń jó ló ń ta bí àgbàdo nínú agbada. Mo ya ẹ̀ka, mo ń lù ú. Èyí tó wà níwájú mi ń kú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń dìde. Ó jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ dé ìdí àwọn ìka. Ìgbà tí mo rí i pé apá mi kò ká a, mo ju ẹ̀ka sílẹ̀. Mo gun ọ̀kadà mi, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn odò, n kò gba èyí tí mo bá wá. Mo délé, mo bu omi sí ọwọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ariwo ní ìta pé èéfín ń bẹ lójú oko. Mo dìde, mo bá àwọn èèyàn sáré lọ. Mo bá wọn ya ewé. Mo lu iná ju gbogbo wọn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọwọ́ mi, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ náà ló ti jó. N kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbọ́ mi yé. Kò sí ẹni tó bi mí. Mo kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́ náà sì ṣe gbogbo iṣẹ́ tí irọ́ ì bá ṣe.

Bàbá ti mọ́sálásí dé tàwọn ti aṣọ funfun. Wọn kò pariwo. Wọ́n ń wo oko wọn bí ẹni tó ń wo èèyàn tó sùn. Àwọn èèyàn ń sọ fún wọn pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọ́n ń ṣe àmín. Ìgbà tí wọ́n yíjú ni wọ́n rí ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé wọn lọ sílé. Wọ́n ní kí àwọn ará ilé gbé igbá òrí jáde, òrí Ṣakí tó funfun báláú, wọ́n sì fi ìka ara wọn pa á sí ibi tó jó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń fi òróró pa ọmọ tuntun.

“Ọlọ́run á wò ó sàn fún ọ,” ni wọ́n wí. “O kó wọ inú iná nítorí tèmi.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.”

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo ti rántí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ju ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí mo ti sọ láyé mi lọ.

Ẹnìkan ló dárúkọ ọdẹ. Ọkùnrin ará Òkaka kan wà tó máa ń wá dẹ ọ̀yà ní igbó wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti ajá rẹ̀ mẹ́ta. Ẹni náà ní òun rí i tó ń kọjá lẹ́bàá ibẹ̀ láàárọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọdẹ kan máa ń fi iná lé ọ̀yà jáde. Wọ́n ní inú igbó gbígbẹ tí mo ṣán ló ti fi iná lé ọ̀yà, nítorí kò sí ẹni tó lè gbà pé èmi á dá oko sun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di òtítọ́ nìyẹn. Ọdẹ búra títí, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Àwọn tó ni oko ní agbègbè wa ṣe ìpàdé, wọ́n ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tẹ ilẹ̀ wa mọ́. Àwọn kan fẹ́ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bàbá ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká mọ igi tó kú àti èyí tí kò kú.” Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín sí wọn lábẹ́lẹ̀, pé Bàbá ń wo atẹ́gùn.

Mo wà ní ìpàdé náà. Èmi ni wọ́n ní kí n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbàdúrà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, aṣáájú ìjọ wa dúró, ó ní kí ìjọ dúpẹ́ nítorí ìfẹ́ tí mo fi hàn sí aládùúgbò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ tí mo fi aṣọ wé náà ni mo fi ṣí ìwé, mo ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ohùn mi kò gbọ̀n. N kò mọ̀ pé ohùn èèyàn lè dúró ṣinṣin báyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Àṣà wa ni pé kí èèyàn na ọwọ́ méjèèjì sí iwájú láti gbà á. Nígbà tó kàn, mo ní ọwọ́ mi kò tíì jinná, mo jókòó. Oṣù kejì, mo ní àna wa kan tó wà ní Ìsẹ́yìn kò gbádùn, mo sì lọ kí i lóòótọ́. Orí òfì ni mo bá a tó ń wun aṣọ, ara rẹ̀ le bí òkúta, ó ní kí ló gbé mi wá. Oṣù kẹta, mo tún fẹ́ lọ. Ìyàwó mi ń gé ilá lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

“Ẹ̀yin bàbá wọn,” ló wí, “àna wa ará Ìsẹ́yìn yìí, ṣé ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nìkan ni ara rẹ̀ kì í yá ni?”

Ó gé ilá rẹ̀ tán. Ó ní òun kò bi mí ní nǹkan kan o, òun kàn rí i pé mo ń kúnlẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ń dìde pẹ̀lú ojú kan náà tí mo fi kúnlẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Ní gbogbo oṣù yẹn, kò sí ọjọ́ tí n kò bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìjọ, fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, fún ẹni tó ja ọkọ rẹ̀ lólè, pé àánú Ọlọ́run kì í tán. Mo gbà á gbọ́ fún wọn. Fún ara mi, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gbá yàrá, tó wá ń gbá gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Mò ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ohun tí mò ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí Bàbá má gbọ́. Bí mo bá dìde nílẹ̀, ẹní ṣì gbé sókè.

Bàbá ní tiwọn kò dẹ́kun. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọ́n ń yà wò mí, wọ́n á mú òrí jáde nínú àpò, wọ́n á ní, “Mú ọwọ́ wá.” Awọ ọwọ́ mi jinná dáadáa, àpá tó dán ló kù. Ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọjọ́ ọjà.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, Bàbá ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú àdá wá bá àwọn lóko, pé ẹ̀yìn kò jẹ́ kí àwọn lè gé igi tó ti kú, pé èmi ni inú mi dáa. Mo lọ. Oko náà dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, eérú ti di ẹrẹ̀. Mo dúró nídìí igi kan tó jó kanlẹ̀, mo gbé àdá sókè. Bàbá ní kí n dúró. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, wọ́n fi èékánná họ èèpo igi náà nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù. Wọ́n wá fi ìka hàn mí: ọ̀mùnú pupa kékeré méjì ti yọ lára gbòǹgbò, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ.

“Òkè rẹ̀ nìkan ló jó,” ni Bàbá wí. “Ìsàlẹ̀ kò gbọ́ pé iná jó.”

Wọ́n lọ sídìí òmíràn, wọ́n tún họ ọ́. Ó wà láàyè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú irùngbọ̀n wọn. Láti ọjọ́ tí iná ti jó, n kò rí ẹ̀rín lójú wọn rí. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbá mi léjìká, bí ẹni pé èmi àti wọn la jọ rí oore náà gbà.

N kò lè fara dà á. Mo ju àdá sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ eérú náà.

“Bàbá, èmi ni mo dá iná yẹn.”

Wọn kò kọ́kọ́ lóye. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Mo tún un sọ. 

“Ọjọ́ Jímọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O mọ̀ pé mo lọ kírun.”

“Mo mọ̀.”

Wọn kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, èyí tó ní àpá, tó tẹ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pá lé mi, ǹ bá dúró gbà á.

“Ọdẹ yẹn ńkọ́?” ni wọ́n bi mí.

Mo dojú bolẹ̀.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Lọ sí Òkaka. Bó o bá ti ibẹ̀ dé, kí o wá sọ ohun tó bá sọ fún mi.”

Wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n lọ síbi tí kẹ́tùrù wọn wà, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá. Kò tíì tó àkókò ìrun Alásárì. Mo mọ̀ pé wọn kò fẹ́ rí mi ni. Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọn kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọn kò sì sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo gun ọ̀kadà mi. Nígbà tí mo jìnnà díẹ̀, mo dúró lábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. N kò kúnlẹ̀ nítorí omi wà nílẹ̀. Mo kàn dúró, ẹrẹ̀ wà láyà mi, mo ní, “Olúwa, mo ti sọ ọ́ o.” N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi kún un. Kò sí ohùn kankan tó dáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo mí. Mo mí dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo sì rí i pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti mí irú èémí yẹn gbẹ̀yìn.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìgbà tí Bàbá bá dárí jì mí, tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ni Ọlọ́run á tó yọ́nú sí mi. Ibi tí mo dúró sí yìí, Bàbá kò tíì dárí jì mí, ọdẹ kò tíì gbọ́, ìlú kò tíì mọ̀. Nǹkan kan kò tíì dára. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé a ti gbà mí. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo tún gun ọ̀kadà. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn fún àwọn èèyàn lẹ́yìn náà, kò ju báyìí lọ. N kò mọ̀ ọ́n sọ ju bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo ti bá ọdẹ, ó ń tún ìdè pàkúté rẹ̀ ṣe, àwọn ajá rẹ̀ sùn yí i ká. Bó ṣe rí mi, kò dìde. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún Bàbá. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára okùn.

“Alàgbà,” ló wí, “ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbàdúrà níbi ìpàdé tí wọ́n ti lé mi?”

“Èmi ni.”

“Àdúrà yẹn gùn o.”

Mo tẹ orí ba.

“Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀,” ló tún wí. “Tèmi yàtọ̀. Ẹlòmíràn dà á, ojú tèmi ló wá bò.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ajá kan fi gbé orí sókè. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá a rẹ́rìn-ín tàbí kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi. Ó ní òun kò bá mi jà, pé ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kò ṣeé bá jà, ṣùgbọ́n òun kò ní tẹ ilẹ̀ wa mọ́ àfi bí àwọn tó lé òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu tó fi àdúrà lé òun. Mo ní ó tọ́. Mo padà dé, mo sọ ohun tó sọ fún Bàbá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, a jọ lọ bá àwọn olóko. Mo sọ ọ́. N kò ní fa ọ̀rọ̀ ìpàdé náà gùn. Wọ́n sọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ sí mi, ẹnìkan ní àwa onígbàgbọ́ la mọ bí a ṣe ń pa ojú dé gbàdúrà ká má baà rí nǹkan, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mo jókòó sínú ẹ̀rín náà. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọdẹ. Bàbá wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá ya ilẹ̀ títí ìpàdé fi tú.

Nínú ìjọ, aṣáájú wa ní kí n dáwọ́ ẹ̀kọ́ kíkà dúró fún ìgbà díẹ̀, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ inú oṣù tó tẹ̀lé e, nígbà tó kan ìlà àga tiwa, mo dìde. Mo na ọwọ́ méjèèjì, èyí tó ní àpá wà lókè. Wọ́n fi búrẹ́dì náà sí i. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tó ṣe “hùn,” bó ṣe máa ń ṣe bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá ṣe déédéé. Àna wa ará Ìsẹ́yìn kò ṣàìsàn mọ́ láti ìgbà náà.

Bàbá kò gbà kí n san ohunkóhun. Wọ́n ní ọ̀mùnú ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe owó. Bí kajú tó jó bá ń rú padà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mùnú ló máa ń yọ nídìí kan. Èèyàn ní láti yan ọ̀kan tó lágbára, kó gé ìyókù, kó ro ìdí rẹ̀, kó sì fi igi gbé e ró kí atẹ́gùn má ṣẹ́ ẹ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní gbogbo àkókò òjò. Bàbá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa nawọ́ sí èyí tí wọ́n fẹ́ kí n dá sí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la ń bá ara wa sọ. Ẹran Iléyá ọdún yẹn kò dé ilé wa. Ìyàwó mi gbé ìrẹsì lọ ní Kérésìmesì bó ṣe máa ń gbé e lọ, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò fi ṣe ìjà pẹ̀lú Ọlọ́run. Ohun tí Òun ti fún mi lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì jẹ́ kí n lè dúró de èyí tó kù.

Ọyẹ́ tún dé. Mo ṣán apá kan nínú oko mi, ó gbẹ, mo ránṣẹ́ sí Bàbá. Mo ti ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ro abẹ́ kajú wọn títí dé ìlà kẹta. Wọ́n dé láàárọ̀, ẹ̀ka tútù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n jẹ́ kó dà. Wọ́n tún bu òmíràn.

“Kò tíì yá,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Ó dáa, Bàbá.” Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn lórí ebè. A ń wo àwọn kajú kéékèèké, tí wọ́n ti ga dé àyà èèyàn. Ọyẹ́ ti la àpá ọwọ́ mi ní ìlà-ìlà, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tó ti jó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà lójú ọ̀kan. N kò kà á sí. Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò agbádá wọn, wọ́n mú agolo kékeré kan jáde, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀.

“Mú ọwọ́ wá,” ni wọ́n wí.

Mo na án sí wọn. Wọ́n fi òrí pa á, wọn kò yára, wọ́n gba ojú ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́ báyìí.

“Ẹ ṣeun, Bàbá.”

Wọ́n dé agolo wọn, wọ́n tún bu erùpẹ̀. Ọjọ́ kejì la tó sun oko náà.